Ṣé fóònù lè bá dókítà eyín ṣọ́ wáyà ẹnu ọmọ?

Ìyá Àdùkẹ́, Òmù-Àrán: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará wa. Wọ́n fi wáyà sí eyín ọmọ mi ní Ìlọrin, oṣooṣù la sì ń lọ fún àyẹ̀wò. Ṣé òótọ́ ni pé ọgbọ́n àtọwọ́dá (AI) lè máa yẹ eyín wò láti ilé?

Nọ́ọ̀sì Eyín, Ìlọrin: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Òótọ́ ni, ní ọdún 2024, àjọ FDA, tó ń rí sí oúnjẹ, oògùn àti ohun èlò ìwòsàn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ètò orí fóònù kan tó ń lo ọgbọ́n yìí, tí wọ́n ń pè ní DentalMonitoring. Ọmọ á fi ike fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ sẹ́yìn, á fi fóònù ya eyín rẹ̀ níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ẹ̀rọ náà á sì yẹ àwòrán wọ̀nyí wò bóyá búrákẹ́ẹ̀tì kan (ohun kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ eyín láti di wáyà mú) ti ṣí kúrò, tàbí ẹran ìdí eyín ti wú, kí ó tó fi tó dókítà létí. Àmọ́ kò lè pààrọ̀ wáyà, nítorí náà ìrìn àjò yín lè dín kù, kò lè tán.

Bàbá Ìbejì, Ọ̀ffà: Ẹ kọ́kọ́ bi dókítà yín bóyá ó ń lò ó, mà, kí ẹ sì bèèrè ibi tí àwòrán ọmọ ń lọ, èyí ló jẹ mí lógún jù.

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹ ṣeun púpọ̀, sà. Màá bèèrè méjèèjì.