Licence ọdún 3 láti Benin: ta ló ti fi wọ Másítàs ní Nàìjíríà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ Kétu ni mí, ní orílẹ̀-èdè Benin, Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àbúrò mi obìnrin gba Licence (dìgírì àkọ́kọ́) nínú ètò ọrọ̀ ajé ní yunifásítì ìjọba lọ́dọ̀ wa, ọdún 3, krẹ́díìtì 180. Ó fẹ́ wá ṣe Másítàs níbí. Ilé ìwé tó kọ́kọ́ kọ̀wé sí sọ pé ọdún 3 kò tó, ọdún 4 làwọn mọ̀.

Ó dùn mí gan-an. Ètò LMD (Licence, Másítà, Dókítà) tí Benin àti Tógò ń lò, 3-5-8 ni: ọdún 3 fún Licence, 5 lápapọ̀ fún Másítà, 8 lápapọ̀ fún dókítà. Ìlànà Bologna tí àwọn ará Yúróòpù fọwọ́ sí ní 1999 ni wọ́n wò ṣe é. Ọ̀pọ̀ àwọn tó gba Direct Entry (tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kejì) wọ yunifásítì ní Nàìjíríà ńkọ́, ṣebí ọdún 3 náà ni wọ́n ń lò?

Láti oṣù Kìíní 2024, nígbà tí Àbújá dá ìfọwọ́sí ìwé ẹ̀rí Benin àti Tógò dúró, lẹ́yìn tí akọ̀ròyìn kan tú àṣírí pé òun gba dìgírì ní Kútọnu kí oṣù 2 tó pé, ojú ìfura ni wọ́n fi ń wo gbogbo wa. Àbúrò mi jókòó ní kíláàsì fún ọdún 3 gbáko.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti fi Licence wọlé rí? Ṣé PGD (Postgraduate Diploma) ni kó kọ́kọ́ ṣe, àbí kó parí ọdún kìíní Másítà nílé, kí krẹ́díìtì rẹ̀ di 240? Àwọn ìwé wo ni wọ́n gbà lọ́wọ́ yín, ta ló sì bá yín túmọ̀ èsì ìdánwò láti Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì?