Ọmọ mi fẹ́ di ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ etíkun, ibo la ó ti bẹ̀rẹ̀?

ÌyáAláǹkárá (Sábó, Ogbómọ̀ṣọ́):
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọmọbìnrin mi tó wà ní SS2 rí obìnrin kan tó ṣe olórí ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà lórí fóònù. Látìgbà náà, òun náà fẹ́ ṣe irú ẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní níbo ni Ogbómọ̀ṣọ́ ti rí òkun? Ṣé Nàìjíríà tiẹ̀ ní irú iṣẹ́ yẹn? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

BàbáNefí (Arówómọlé):
Ẹ ǹlẹ́ o, ìyá wa. Ọdún 21 ni mo fi ṣiṣẹ́ Nefí kí n tó padà wálé. A kò ní ẹ̀ṣọ́ etíkun tó dá dúró níbí. Lílé àwọn tó ń jí epo rọ̀bì, dídá àwọn tó ń pẹja láìgba àṣẹ dúró, yíyọ ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dà sómi, Nefí ló ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀.

Mo ṣiṣẹ́ nínú NNS Thunder. Ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà ni tẹ́lẹ̀, Chase ni wọ́n ń pè é kí wọ́n tó fà á lé wa lọ́wọ́ ní 2011. NNS Okpabana náà bẹ́ẹ̀, Gallatin ni tẹ́lẹ̀. Alẹ́ àkọ́kọ́ tí ìgbì gbé wa, mo bì títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ sọ ìyẹn fún un, kó má rò pé aṣọ funfun nìkan ni.

Linda Fagan lobìnrin tó rí. Ọdún 1985 ló jáde nílé ẹ̀kọ́ wọn, 2022 ló tó gorí àga. Ọdún 37! Polar Star, ọkọ̀ tó ń fọ́ yìnyín, ló ti bẹ̀rẹ̀, òun nìkan sì lobìnrin níbẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń jọ mí lójú, kì í ṣe àga yẹn.

Íńdíà ńkọ́? Nígbà tí wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ etíkun tiwọn sílẹ̀, ọ̀gá kan nínú Nefí wọn, Vice Admiral Kamath, ni wọ́n fi ṣe olórí àkọ́kọ́. Bí tiwa bá dé lọ́la, ẹni tó ti jìyà lójú omi ni wọn yóò wá.

Nítorí náà, kó mú NDA, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di ọ̀gá ológun, ní àṣàyàn àkọ́kọ́ nínú JAMB. Kàdúná ló wà. Kó má fi ìṣirò àti fisíìsì ṣeré rárá.

ỌmọOdòỌbà:
Ẹ̀yin Bàbá ti sọ ọ́ tán. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé ó mọ omi wẹ̀?

ÌyáAláǹkárá:
Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Mo kà á fún bàbá rẹ̀ nísinsìnyí, kò sọ nǹkan kan, àmọ́ ó ní kí n tún ibi tí ẹ ti sọ̀rọ̀ ọdún 37 yẹn kà. Ní ti omi wẹ̀, kò mọ̀ ọ́n. Ta ló lè kọ́ ọmọbìnrin láìléwu nítòsí Sábó? Ìsinmi yìí ni mo fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀.