Wíwá dókítà ẹ̀dọ̀ tí yóò tọ́jú aláìsàn, tí yóò sì ráyè ṣe ìwádìí: kí ni ojú yín rí?

Ọmọ Ìgbìmọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi. Mo wà lára ìgbìmọ̀ tó ń wá dókítà ẹ̀dọ̀ fún ilé-ìwòsàn ìkọ́ni kan. Ẹni tí a ń wá yóò máa tọ́jú aláìsàn, yóò máa kọ́ àwọn dókítà tó ń bọ̀ lẹ́yìn, yóò sì ní ìwádìí tirẹ̀ lọ́wọ́. Oṣù 14 rèé tí a ti ń wá a. Àwọn méjì wá, wọ́n yẹ ibẹ̀ wò, wọ́n dúpẹ́, a ò sì gbúròó wọn mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba irú iṣẹ́ yìí rí, tàbí tí ẹ kọ̀ ọ́, kí ni ojú yín rí?

Ìwádìí Alẹ́:
Wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ mi pé ìdajì ọ̀sẹ̀ jẹ́ ti ìwádìí, mo sì gbà á gbọ́, nítorí pé ọ̀gá ẹ̀ka fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i. Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́ kò ní wàhálà. Lẹ́yìn náà ni dókítà ẹ̀dọ̀ kejì fiṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo aláìsàn rẹ̀ sì di tèmi. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí yóò mọ̀ pé aláìsàn ẹ̀dọ̀ kì í tán lọ́wọ́ ẹni: ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le gbọ́dọ̀ máa ya àwòrán ikùn ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà kí a lè tètè rí jẹjẹrẹ, a ó máa fa omi kúrò nínú ikùn ẹlòmíràn, a ó sì máa dìde lóru nítorí ẹni tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bẹ́ ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, tó ń bì ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún kejì, ọjọ́ Sátidé nìkan ló kù fún ìwádìí mi. Ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àrùn mẹ́dọ̀wú B (hepatitis B) tí mo ti gbà wà nínú fíríìsà, kò sì sí ẹni tí yóò bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jọ́ tí mo lọ dágbére, ọ̀gá yìí bi mí pé ìwádìí wo ni mo tilẹ̀ ń ṣe.

Dókítà Òru:
Ṣé kì í ṣe ọ̀gá kan náà ni àwa méjèèjì jọ sìn?

Ẹ Ṣàlàyé:
Mo bá yín kẹ́dùn, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀sẹ̀ tí ẹ gbà níbẹ̀rẹ̀ ti kéré jù. Ní Amẹ́ríkà, owó K08 àti K23 tí NIH, àjọ ìjọba wọn fún ìwádìí ìlera, fi ń ran àwọn dókítà tó ń kọ́ iṣẹ́ ìwádìí lọ́wọ́ sábà máa ń béèrè pé kí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò iṣẹ́ ẹni jẹ́ ti ìwádìí. Kí ni lẹ́tà yín sọ pé yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kejì bá lọ?

Ìwádìí Alẹ́:
Kò sọ nǹkan kan, àbúrò mi. Ibẹ̀ ni mo ti ṣàṣìṣe, mo sì gbà. Ṣùgbọ́n bí ó bá tilẹ̀ sọ ọ́, ta ni yóò gbé lẹ́tà dání lọ bá ẹni tó ń bì ẹ̀jẹ̀?

Àgbà Kílíníìkì:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwa tí a ń gbani síṣẹ́. Ẹni tí a gbà kẹ́yìn kò béèrè owó oṣù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ní kí a jẹ́ kí òun bá nọ́ọ̀sì kílíníìkì sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má sì sí níbẹ̀. Àyà wa já, nítorí pé nọ́ọ̀sì yẹn kì í bo ọ̀rọ̀. Ó sọ gbogbo àléébù wa fún un lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó tún sọ fún un pé òun àti apòògùn ló ń tọ́jú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ní mẹ́dọ̀wú C, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé oògùn oníhóró ọ̀sẹ̀ 8 tàbí 12 ń wo ohun tó ju ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún wọn sàn. Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yìí ló mú un gba iṣẹ́ náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi.

Dókítà Òru:
Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ kò sọ ẹni tó ń dìde lóru.

Àgbà Kílíníìkì:
Àwọn dókítà inú àti ìfun pín in láàárín ara wọn, wọ́n sì kùn fún ọdún kan gbáko.

Aláwàdà:
Ọmọ Ìgbìmọ̀, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ìpolówó yín béèrè?

Ọmọ Ìgbìmọ̀:
Ó béèrè ìrírí ọdún mẹ́wàá, ìmọ̀ nípa ìpààrọ̀ ẹ̀dọ̀, ọwọ́ tó já fáfá nínú fífi ẹ̀rọ wo ọ̀nà ọ̀fun, owó ìwádìí tó ti wà nílẹ̀, àti ẹ̀bùn ìkọ́ni.

Aláwàdà:
Iwin lẹ ń wá, kì í ṣe dókítà.

Ẹ Ṣàlàyé:
Ṣé ẹ tilẹ̀ ń ṣe ìpààrọ̀ ẹ̀dọ̀ níbẹ̀?

Ọmọ Ìgbìmọ̀:
A kò tí ì bẹ̀rẹ̀.

Dókítà Òru:
Ẹ yọ ọ́ kúrò, nígbà náà. Ẹni tó fi ọdún gbọọrọ kọ́ ìpààrọ̀ ẹ̀dọ̀ kò ní jókòó síbi tí kò ti sí.

Ìwádìí Alẹ́:
N kò gbà. Nǹkan bí mílíọ̀nù 254 ènìyàn ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kà pé ó ní mẹ́dọ̀wú B ní ọdún 2022, díẹ̀ péré nínú wọn ni yóò sì dé ibi ìpààrọ̀ ẹ̀dọ̀. Iṣẹ́ ìwádìí pọ̀ níwájú ẹni tí kò ṣe ìpààrọ̀ rí.

Dókítà Òru:
Ohun tí èmi náà ń sọ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kàn sọ ọ́ gùn jù mí lọ ni.

Mo Kọ̀ Ọ́:
Èmi kọ irú iṣẹ́ yìí, kì í sì í ṣe nítorí owó. Wọ́n mú mi wo láàbù, mo sì rí fíríìsà ńlá kan tó kún fún ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú pamọ́ láti ọdún pípẹ́. Ojú mi wọ̀ ọ́. Mo béèrè ẹni tí yóò fún mi láyè láti lò ó, wọ́n ní ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ni kọ́kọ́rọ́, kì í sì í gbé ìpè. Mo padà sílé.

Ìwádìí Alẹ́:
Kọ́kọ́rọ́ ẹnìkan tí kì í gbé ìpè! Ẹ bá mi kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́.

Ọmọ Ìgbìmọ̀:
Ẹ ṣeun. Ní Ọjọ́bọ̀ ni ìgbìmọ̀ wa yóò jókòó. N óò sọ pé kí a yọ ìpààrọ̀ ẹ̀dọ̀ àti ìrírí ọdún mẹ́wàá kúrò, kí a sì kọ orúkọ àwọn tí yóò máa dìde lóru kí a tó tún polówó.

Mo Kọ̀ Ọ́:
Fíríìsà tiyín ńkọ́?

Ọmọ Ìgbìmọ̀:
Ó wà. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ẹ̀ka ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà.