Ṣé kí n gbé iṣẹ́ ilé búrẹ́dì mi lé kọ́ńsọ́táǹtì ará Èkó lọ́wọ́?

Ìyá Oníbúrẹ́dì, Àdàtán

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ló ti gba oorun lójú mi láti ọjọ́ mẹ́ta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ilé búrẹ́dì kékeré kan ni mo ní ní Àdàtán l'Abẹ́òkúta níbí. Òṣìṣẹ́ 14 la jẹ́, ààrò onígi la fi ń yan án. Ọlọ́run ṣe é, ọjà ń tà, ààrò kan ò gbà wá mọ́. Mo ti ra ilẹ̀ sí Ọbáńtokò. Mo fẹ́ kọ́ èkejì síbẹ̀, ká kúrò lórí igi ká bọ́ sórí gáàsì, ká sì gba nọ́ńbà NAFDAC fún búrẹ́dì tuntun tá a fẹ́ gbé jáde. Àbúrò mi tó wà l'Ékòó wá mú kọ́ńsọ́táǹtì kan wá. Ó ní òun á ṣe olórí iṣẹ́ náà fún oṣù mẹ́fà, mílíọ̀nù 2.5 náírà lòun máa gbà, kí n san mílíọ̀nù 2 sílẹ̀ kóun tó bẹ̀rẹ̀. Ó tún ní gbogbo ohun tá a bá máa rà, òun ni yóò máa buwọ́ lù ú.

Bọ̀dá yẹn mọ̀wé o, n ò ní purọ́. Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó fi hàn mí pé búrẹ́dì táwọn tó ń gbà á tà ń dá padà lọ́sẹ̀ kan ń jẹ èrè ọjọ́ kan gbáko. Láti ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, n ò ṣírò rẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n máníjà mi, tó bá mi bẹ̀rẹ̀ nígbà tá a ń fi orí ru búrẹ́dì lọ sí Kútọ̀, ń po fúláwà lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Kọ́ńsọ́táǹtì rò pé ọmọ iṣẹ́ ni, ó ní kó lọ gbé àga wá. Ó gbé e wá. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó fi ìka kan tẹ èyí tó wà nínú páànù wò, ó ní, "Kò tíì wú tó." Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ta ni kó ṣe olórí? Bí mo bá sì gba àlejò yìí, báwo ni kí n ṣe sanwó fún un tí mi ò fi ní jẹyán mi níṣu?

Ọmọ Láfẹ́ńwá

Mílíọ̀nù 2.5? Màmá, ẹ fún mi ní ìdajì, kí ẹ máa fi búrẹ́dì gbígbóná dí ìyókù. Mo ń ṣẹ̀fẹ̀ ni o.

Aláàdìrẹ, Ìtòkú

Àlejò lójú, kò fi ríran, màmá. Lẹ́yìn kòrónà, èmi náà gba ẹnì kan kó bá mi gbé ọjà lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ṣiṣẹ́, ẹ má jẹ́ n parọ́ mọ́ ọn. Àwọn ará London ń ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ lọ́wọ́ mi. Àṣé ímeèlì rẹ̀ ló fi ṣí ojú-ewé náà, nọ́ńbà tirẹ̀ ló kọ síbẹ̀. Ìjà owó dé láàárín wa, ó bá tirẹ̀ lọ. Títí di òní, bí oníbàárà mi bá pe nọ́ńbà yẹn, òun ló ń gbé e, èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ tó jọ tèmi ló sì ń tà fún wọn. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, aró dé ìgbọ̀nwọ́ mi, mo ń wo fọ́tò ọjà mi lójú-ewé tí n ò lè wọ̀. Ẹ ṣọ́ra.

Kọ́ńsọ́táǹtì ni mí, Òkè-Ìlèwó

Ẹ má tíì sọ̀kò lù wá, ẹ jọ̀ọ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ìṣirò búrẹ́dì tó ń padà wá yẹn nìkan, ẹ ti rí i pé ojú rẹ̀ là. Agbára tó ń béèrè ni kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹni tó bá máa buwọ́ lu owó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò ṣì wà nílé nígbà tí ààrò bá bàjẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Èmi ò ní sí níbẹ̀. Oṣù mẹ́fà bá pé, mo ti lọ síbòmíì. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí wọ́n fi ará ilé ṣe olórí, èmi á máa tì í lẹ́yìn, màá sì kọ́ ọ títí yóò fi lè dá a ṣe. Ó máa ń jẹ́ kí iṣẹ́ pẹ́ díẹ̀ lóòótọ́, inú àbúrò yín lè má dùn sí i.

Lórí owó: mílíọ̀nù 2 nínú 2.5 síwájú ti pọ̀ jù. Ìdá kan nínú mẹ́rin lèmi máa ń gbà, ìyókù ń tẹ̀lé ohun tójú bá rí. Bí ètò ìnáwó bá dọ́wọ́ yín, ẹ san díẹ̀. Bí ìwé NAFDAC bá wọlé, ẹ san díẹ̀. Bí ààrò tuntun bá yan búrẹ́dì fún ọ̀sẹ̀ méjì tí kò kọṣẹ́, ẹ san èyí tó kù. Kí gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé àdéhùn, títí kan bí ẹ ó ṣe túká bí kò bá wọ̀.

NAFDAC ńkọ́? Orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti ń fi ìwé sílẹ̀, NAPAMS ni wọ́n ń pè é. Orúkọ iléeṣẹ́ yín àti ímeèlì yín ni kẹ́ ẹ rí i pé wọ́n fi ṣí i. Wọ́n á béèrè ìwé tirédimáàkì, èyí tó fi hàn pé tiyín ni orúkọ búrẹ́dì náà. Ọdún 7 ni tirédimáàkì àkọ́kọ́ máa ń lò, bí ẹ bá tún un ṣe ó di ọdún 14. Mo ti rí ibi tí kọ́ńsọ́táǹtì ti fi orúkọ ara rẹ̀ gbà á, oníbúrẹ́dì wá di ayálégbé nínú orúkọ tó fúnra rẹ̀ sọ ọmọ rẹ̀.

Oníṣirò owó, Ìbarà

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kí ló dé tó fi fẹ́ máa buwọ́ lu ọjà rírà? Ẹni tó ń ta ààrò máa ń mọ ẹni tó mú oníbàárà wá sí, ṣé ó yé yín? Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà, kẹ́ ẹ sì fúnra yín gba iye owó ààrò lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta. Ẹ wá orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀ lójú-ewé CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tún bi í bóyá VAT 7.5%, ìyẹn owó orí ọjà àti iṣẹ́, wà nínú iye tó pè àbí ó máa gorí ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, ọ̀nà Àlábàtà

Ẹ bi í léèrè bromate, kẹ́míkà táwọn kan ń pò mọ́ fúláwà kí búrẹ́dì lè wú. NAFDAC ti fòfin dè é nínú búrẹ́dì láti 2003. Bó bá rẹ́rìn-ín tó ní díẹ̀ kì í pani, ẹ fi ọ̀nà Èkó hàn án. Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ìmọ̀ oúnjẹ sì wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbí, ẹ ya ibẹ̀ ná kẹ́ ẹ tó náwó sí ará ọ̀nà jíjìn.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, Ṣàpọ́n

Kí ni máníjà yín sọ? Gbogbo wa ti ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ láti àárọ̀, n ò gbóhùn rẹ̀.

Ìyá Oníbúrẹ́dì, Àdàtán

Sà, ojú ń tì mí. N ò tíì bi í. Mo rò pé inú ń bí i ni.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, Ṣàpọ́n

Ẹ lọ bá a. Kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ nítorí àga yẹn.

Ọmọ Láfẹ́ńwá

Kẹ́ ẹ sì rántí búrẹ́dì mi.

Ìyá Oníbúrẹ́dì, Àdàtán (lọ́jọ́ kejì)

Ẹ ṣeun gan-an. Mo lọ bá a ní aago mẹ́rin ìdájí, ó ń kó igi sínú ààrò. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní àga yẹn ò wúwo. Ó ti ilẹ̀kùn ààrò, ó nu ọwọ́, ó wá ní ilẹ̀ Ọbáńtokò tí mo rà yẹn, ẹ̀yìn ilé àna òun ni. Ó ní bí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra, àárín ilẹ̀ yẹn lomi ń gbà kọjá, ọkọ̀ ò ní lè wọlé wá kó búrẹ́dì. Mo ní kí ló dé tí kò sọ látijọ́. Ó ní, "Ẹ ò bi mí, mà."

Mo tún lọ wo àwòrán tí kọ́ńsọ́táǹtì yà. Ibi tómi ń gbà gan-an ló gbé ààrò sí.

Mo ti ránṣẹ́ sí i. Máníjà mi ni olórí iṣẹ́, ₦600,000 ni mo máa san síwájú, èmi ni màá máa buwọ́ lu owó. Kó wá lọ́jọ́bọ̀ káwọn méjèèjì jọ lọ rìn ilẹ̀ náà, kó sì mú bàtà òjò dání. Ó ti kà á láti àárọ̀, kò tíì fèsì. Máníjà ní bí kò bá tilẹ̀ wá, kí n bá òun gba ìṣirò búrẹ́dì tó ń padà wá yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, òun fẹ́ kà á dáadáa.