Re: Ìkarahun tí ẹ pe shell

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ní ká máa pe shell orí Linux (ètò tó ń gba àṣẹ tí a bá tẹ̀) ní «ìkarahun», ẹ má bínú sí mi, ọ̀rọ̀ náà kò bá iṣẹ́ nǹkan náà mu. Ẹ ní kernel (ọkàn ètò tó ń darí ẹ̀rọ) ni ẹkùrọ́ inú, shell ni ohun tó bò ó, ẹ sì fi òwe gbè é lẹ́sẹ̀ pé bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Òwe àgbà ni, mi ò bá a jà. Louis Pouzin, ọmọ Faransé, ló sọ ọ́ ní shell láyé Multics (ètò kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan), láwọn ọdún 1960. Ṣé orúkọ tí Faransé fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọmọ rẹ̀ wá di dandan fún wa ni?

Ìkarahun kì í sọ̀rọ̀. Shell ń gba àṣẹ lẹ́nu wa, ó ń rò ó fún kernel, ó ń mú èsì bọ̀. Ẹni tó ń jókòó láàrin ọba àti àlejò tí kò gbédè, kí làwọn bàbá wa ń pè é? Ògbufọ̀ ni. Ẹ wo «fọ̀» ìdí rẹ̀, òun náà ló wà nínú fọhùn. Ohùn ìsàlẹ̀ ni o. Àbúrò tó kọ «ògbufọ́» níbí, ìkòkò ló ń fọ́.

Orúkọ tí a fún nǹkan ló ń darí ọwọ́ ẹni tó ń tún un ṣe. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Ẹnì kan béèrè pé láti ìgbà tí wọ́n ti gbé orúkọ ìwọlé «ade» kúrò lórí shell bash bọ́ sórí shell fish ni FTP (ọ̀nà fífi fáìlì ránṣẹ́ láàrin kọ̀ǹpútà) ti ń dá a padà pẹ̀lú «530 Login incorrect» (ìwọlé kò tọ̀nà). Ẹ ní kó yọ ìkarahun náà, kó tún un fi sí i. Kò lè ṣiṣẹ́, nítorí fish kò bàjẹ́. Àwọn ògbufọ̀ tí server (kọ̀ǹpútà tí à ń wọlé sí) mọ̀ wà nínú fáìlì /etc/shells. Ẹni tí orúkọ ògbufọ̀ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, FTP á dá a padà bí ẹni pé pásíwọ̀ọ̀dù ló ṣì. Kó kọ́kọ́ wo èyí:

getent passwd ade
cat /etc/shells

Ohun tó wà lẹ́yìn àmì «:» tó kẹ́yìn nínú èsì àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà nínú èkejì, lẹ́tà sí lẹ́tà. /bin/zsh àti /usr/bin/zsh (shell mìíràn ni zsh) lè jẹ́ fáìlì kan náà, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan péré bá wà nínú ìwé, èkejì kò wọlé. Bí ade fúnra rẹ̀ bá lo chsh (àṣẹ ìpààrọ̀ shell) láti mú èyí tí kò sí nínú ìwé, á kọ̀ fún un. Root (alákòóso àgbà ẹ̀rọ) tó lo usermod -s láti pààrọ̀ rẹ̀ ni kò sẹ́ni tó dá a dúró, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń wọlé. Àtúnṣe rẹ̀:

echo /usr/bin/fish | sudo tee -a /etc/shells

Ẹni tó ní kó fi check_shell=NO sínú vsftpd (ètò FTP kan), ẹ rántí pé vsftpd tí wọ́n kọ́ mọ́ PAM (ètò tó ń yẹ ìwọlé wò) kì í ka ìyẹn sí. Ìlà pam_shells.so nínú /etc/pam.d/vsftpd ló ń ṣiṣẹ́ náà. Ti ProFTPD, ètò FTP mìíràn, ni RequireValidShell off.

Ti SFTP (fífi fáìlì ránṣẹ́ gba inú SSH) ló wá fìdí ọ̀rọ̀ mi múlẹ̀. Bí ìlà «echo Ekaabo» bá wà nínú .bashrc (fáìlì tí bash ń kà nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀) lórí server, ohun tí sftp máa kọ síwájú yín ni «Received message too long 1164665185» (iṣẹ́ tó dé ti gùn jù). Ibo ni nọ́ńbà yẹn ti wá? Báìtì 4 àkọ́kọ́ ni sftp fi ń mọ bí ohun tó ń bọ̀ ṣe gùn tó, kò sì gbà ju 262144 lọ. Nínú kóòdù ASCII tí kọ̀ǹpútà fi ń ka lẹ́tà, E jẹ́ 69, k jẹ́ 107, a jẹ́ 97, a kejì 97. Ẹ tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn bí báìtì 4 nọ́ńbà kan, nọ́ńbà yẹn gan-an ni. Bó bá jẹ́ 1416128883 lẹ rí, «This» ni, ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn tí nologin (shell tí wọ́n ń fún ẹni tí kò gbọ́dọ̀ wọlé) ń sọ. Ògbufọ̀ fọhùn níbi tó yẹ kó dákẹ́. Ìkarahun wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹ fi èyí dán an wò, òdo ló yẹ kó jáde:

ssh ade@server /bin/true | wc -c

Bí kò bá jẹ́ òdo, ẹ wá echo náà. Nínú bash, ẹ fi èyí ṣáájú rẹ̀ nínú .bashrc:

case $- in *i*) ;; *) return;; esac

Zsh máa ń ka .zshenv nígbà gbogbo, torí náà ẹ kó ìkíni lọ sínú .zshrc. Fish náà máa ń ka config.fish nígbà gbogbo. Ẹ fi «if status is-interactive» yí i ká. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ògbufọ̀ dá sí i rárá, kó kọ «Subsystem sftp internal-sftp» sínú sshd_config (fáìlì ètò sshd, tó ń gba ìwọlé SSH lórí server) dípò ìlà Subsystem sftp tó wà níbẹ̀, kó fi sshd -t yẹ̀ ẹ́ wò kó tó tún sshd gbé dìde.

Arábìnrin tó ní ká fi ògbufọ̀ sílẹ̀ fún interpreter ti Python (èdè ìkọ ètò kọ̀ǹpútà kan), mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà làwọn méjèèjì ń ṣe, ẹ sì lè pe ti shell ní ògbufọ̀ àṣẹ. Ẹ̀gbọ́n, ti «ahun» tí ẹ ní ó fara pamọ́ sínú ìkarahun, mi ò tíì gbà, bẹ́ẹ̀ ni mi ò tíì gba ẹkùrọ́ fún kernel. Ẹkùrọ́ lalábàákú ẹ̀wà. Ta ni ẹ̀wà nínú kọ̀ǹpútà?