Kí ni "kíkún" ń wá lẹ́yìn ọ̀jọ̀gbọ́n?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò. Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa ará Ṣágámù kọ lánàá, pé ká máa pe ẹni tó dé òkè pátápátá nínú iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì ní "Ọ̀jọ̀gbọ́n Kíkún", ká lè yà á sọ́tọ̀ lára "Igbákejì Ọ̀jọ̀gbọ́n", ìyẹn associate professor. Wọ́n ní ó péye, ó sì gbayì. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí àbúrò yín, kò péye, kò sì gbayì.

Amẹ́ríkà ló ni "kíkún" yẹn. Lọ́dọ̀ wọn, àtẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, assistant professor, àtẹni tó wà láàárín, associate professor, gbogbo wọn lakẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní professor. Wọ́n wá nǹkan tí wọ́n á fi dá ẹni òkè mọ̀, ni wọ́n bá ní "full". Ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì la ti gbé tiwa wá: olùkọ́, olùkọ́ àgbà, rídà (reader), kó tó wá kan ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìyá tó ń ta gàrí lọ́jà Òkè-Ajé kì í polówó "kóńgò kíkún", àfi tí aládùúgbò rẹ̀ bá ti lu ìdí kóńgò tiẹ̀ wọnú. Mo mọ̀ pé a ti gba associate professor wọlé báyìí, ipò kan náà pẹ̀lú rídà, tẹ́nì kan bá sì ti débẹ̀, gbogbo àdúgbò ti ń kí i ní Púrọ̀fẹ́sọ̀. Àpọ́nlé nìyẹn, kì í ṣe gírámà.

Ẹ wá wo àmì ohùn. Tí wọ́n bá kọ "Ojogbon Kikun" sára pátákó, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, ta ló fẹ́ sọ fún mi pé kíkùn kọ́? Ṣé èyí tó ń kùn nítorí owó oṣù ni, àbí èyí tí wọ́n fi ọ̀dà kùn? Bàbá tó kọ́ wa ní Yorùbá n'Íjẹ̀bú-Igbó kì í gba iṣẹ́ tí kò lámì. Á jù ú padà, á ní ká lọ wọṣọ fún un.

"Igbákejì" ńkọ́? Igbákejì ta ni? Igbákejì gómìnà ń dúró de gómìnà. Ta ni rídà ń dúró dè?

Ẹlòmíràn tún kọ ọ́ pé wọ́n "fi í jẹ oyè ọ̀jọ̀gbọ́n". Oyè kẹ̀! Ṣé Ọ̀túnba ni? Ipò iṣẹ́ ni, òṣùwọ̀n ni wọ́n sì fi ń dé e. Wọ́n á ka ọdún tẹ́ni náà ti lò níbi tó wà, wọ́n á wo ìkọ́ni rẹ̀, àwọn tó tọ́ dé ipò ọ̀mọ̀wé, ìwé tó tẹ̀ àti ibi tó ti tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á di iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì mìíràn, láìdárúkọ wọn fún un. Èsì lè pẹ́ débi pé nígbà tí lẹ́tà bá máa dé, wọ́n á ní ìgbéga náà ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Àwọn tó ń ka iṣẹ́ yẹn lókèèrè gan-an la ò tíì lórúkọ fún. Mo dábàá "awọ̀nṣẹ́-òde". Ẹ bú mi.

Àga ọ̀jọ̀gbọ́n (professorial chair) tí wọ́n fi orúkọ Awùjalẹ̀ Ṣíkírù Adétọ̀nà dá sílẹ̀ ní yunifásítì tó wà l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè, àga ni, ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń jókòó sí i. Yunifásítì Ìjagun sì ń jẹ́ orúkọ Táí Ṣólàrín, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ẹni tí kò ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n rí. Ta ló ní kò kún?

Ẹ̀gbọ́n tún ní inú "jọ gbọ́n" ni ọ̀jọ̀gbọ́n ti wá, torí ẹnì kan kì í dá gbọ́n. Òwe yẹn dùn, àmọ́ kí ló sọ "jọ" di "jọ̀"? Mo ti bi wọ́n rí, wọn ò dá mi lóhùn. Ẹni tó bá ní orúkọ tó sàn ju "igbákejì" lọ fún rídà, kó gbé e wá.