Ṣé hypnosis lè ṣí ìrántí ìgbà èwe tó fara sin, kí ó sì wo ọgbẹ́ ọkàn sàn?

Àbẹ̀kẹ́, Leeds

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, mo kí yín o. Ọmọ kékeré ni mí nígbà tí ìyá mi kú. Ohun tí mo rántí kò ju pé wọ́n kó ẹrù mi lọ sí ilé àbúrò bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ẹnikẹ́ni kò sì là á yé mi pé ìyá mi kò ní padà wá. Láti ìgbà náà ni ìpayà kan ti máa ń mú mi bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Àyà mi á máa já, n kò sì ní lè jókòó nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọ̀rẹ́ kan níbi iṣẹ́ wá júwe obìnrin kan fún mi tó ń fi hypnosis, ìyẹn fífi ohùn darí ọkàn ènìyàn, ṣe ìtọ́jú. Obìnrin náà ní òun yóò mú mi padà sí ìgbà èwe mi, níbi tí gbòǹgbò ìpayà náà wà, àti pé bí a kò bá bá a níbẹ̀, a lè padà sẹ́yìn sí i dé ayé mìíràn tí mo ti wá rí.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé, kí a tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, ó ti ń bi mí léraléra bóyá ẹnì kan nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi fìyà jẹ mí tí mo sì ti gbàgbé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n má dán an wò rárá, nítorí ẹ̀mí àìmọ́ lè gba ibẹ̀ wọlé. Èyí tí èmi ń bẹ̀rù ni pé kí n má lọ gbé ìtàn kan jáde níbẹ̀ nípa àwọn tó wò mí dàgbà, tí n kò ní lè mọ̀ láé bóyá òótọ́ ni. Ǹjẹ́ ohun tí ènìyàn bá rí nínú hypnosis ṣeé gbára lé? Ǹjẹ́ ó sì ń wo ọkàn sàn?

Nọ́ọ̀sì, Manchester

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìfaradà. Àwọn tí ìrònú àti ìbẹ̀rù ń dà láàmú ni mo ń tọ́jú. Ìbéèrè méjì ni ẹ bi pọ̀, ìdáhùn wọn kò sì jọra.

Ẹni tó wà nínú hypnosis kò sùn, ìjánu ara rẹ̀ kò sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Olùtọ́jú ń fi ohùn jẹ́jẹ́ darí rẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi dẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ yóò kó jọ sí ojú kan, tí yóò sì túbọ̀ máa gba àbá tí wọ́n bá dá fún un. James Braid, oníṣẹ́ abẹ ará Scotland tó ṣiṣẹ́ ní ìlú wa yìí, ni ó fi ìwé rẹ̀ ti 1843 sọ orúkọ náà di mímọ̀, ó sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára agbára òòfà àìrí tí dókítà kan tó ń jẹ́ Mesmer ti polongo ní Paris. Manchester yìí kan náà ni dókítà Peter Whorwell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe àyẹ̀wò tó jáde ní 1984, tó fi hàn pé hypnosis mú ìrọ̀rùn bá àwọn tí inú rírun àti ìfun wọn ti ń yọ lẹ́nu tipẹ́. NICE, àjọ tó ń tọ́ àwọn dókítà England sọ́nà, kà á mọ́ ohun tí a lè gbé yẹ̀ wò fún irú wọn bí oògùn kò bá ràn wọ́n lọ́wọ́ lẹ́yìn oṣù 12. Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀tàn.

Ti ìrántí ni ó yàtọ̀. Ìgbàkígbà tí a bá rántí nǹkan ni ọpọlọ ń tún un hun, gẹ́gẹ́ bí àlọ́ tí kò sí alẹ́ méjì tí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ bára mu lẹ́nu apàlọ́. Nínú hypnosis, ènìyàn lè sọ púpọ̀ sí i, ṣùgbọ́n òótọ́ àti àròsọ ni ó ń jáde pọ̀, ó sì ń dá a lójú bákan náà. Ìgbìmọ̀ àwọn dókítà Amẹ́ríkà sọ èyí ní 1985. Kódà ní 1982, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní California ti pinnu pé ẹlẹ́rìí tí wọ́n ti fi hypnosis ràn lọ́wọ́ láti rántí ìṣẹ̀lẹ̀ kan kò lè jẹ́rìí lórí ìṣẹ̀lẹ̀ náà mọ́. Àyẹ̀wò tí Elizabeth Loftus, onímọ̀ nípa ìrántí, gbé jáde ní 1995 kò tilẹ̀ lo hypnosis: wọ́n sọ fún àgbàlagbà 24 pé wọ́n sọnù nínú ọjà ńlá nígbà èwe wọn, ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀, 6 nínú wọn sì gbà pé àwọn rántí rẹ̀, yálà odindi tàbí díẹ̀.

Ìbéèrè tí obìnrin yẹn ń bi yín ni ó bà mí lẹ́rù jù. Ní 1997, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Britain kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn kí wọ́n yẹra fún lílo hypnosis tàbí regression (mímú ènìyàn padà sí ìgbà èwe rẹ̀) láti wá ìfipábánilòpọ̀ tí aláìsàn fúnra rẹ̀ kò rántí. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Amẹ́ríkà àti níhìn-ín ni irú ìrántí bẹ́ẹ̀ tú ká ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Ìyà tó jẹ ọmọdé wà lóòótọ́, mo ń rí i lójoojúmọ́, ìdí sì nìyẹn tí kò fi yẹ kí wọ́n máa dá àbá rẹ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ ti dẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Àbúrò mi, ìtọ́jú yìí ṣojú mi. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ni ó gbé mi débẹ̀ nígbà tí mo lóyún. Wọ́n ní kí n padà sí ọjọ́ tí ẹ̀rù náà bẹ̀rẹ̀; mo rí ara mi lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn, mo rí nọ́ọ̀sì tó di apá mi mú, mo sì sunkún títí ara mi fi fúyẹ́. Nígbà tí mo bi ìyá mi, wọ́n ní Iléṣà ni mo dàgbà sí, pé n kò wọ ilé ìwòsàn Ìbàdàn kankan rí lọ́mọdé. Síbẹ̀, ẹ̀rù náà dín kù gan-an. Mo gbà pé ẹkún náà àti bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti mí kanlẹ̀ ni ó ṣe mí lóore. Ká ní ìwà ìkà ẹbí mi kan ni mo rí níbẹ̀, bí ó ṣe hàn kedere tó, mi ò bá búra lé e.

Bàbá Àgbà, Òṣogbo

Ọmọ mi, Ọlọ́run yóò tù ọ́ nínú. Èmi gba àtúnwá gbọ́, ṣùgbọ́n nínú àṣà wa, inú ẹbí ni ẹni tó lọ ń yà sí, àmì ara, ìwà ọmọ àti ohun tí Ifá bá sọ nígbà àkọsẹ̀jayé ni a sì fi ń mọ̀ ọ́n. Ti hypnosis kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1952, ní Pueblo, Colorado, Morey Bernstein fi í mú obìnrin kan padà sẹ́yìn. Obìnrin náà ní Bridey Murphy ni òun, pé Cork ni wọ́n bí òun sí ní 1798. Ìwé tó jáde nípa rẹ̀ ní 1956 tà káàkiri. Nígbà tí àwọn oníròyìn dé Ireland, wọn kò rí àkọsílẹ̀ ìbí rẹ̀. Àwọn oníròyìn Chicago ni wọ́n ní àwọn rí obìnrin ará Ireland kan tó ti jẹ́ Bridie Murphy kí ó tó lọ́kọ, tó gbé ní òdìkejì ilé tí ẹni tí wọ́n fi hypnosis mú gbé ní kékeré. Ian Stevenson, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Virginia tó ṣe ìwádìí àwọn ọmọdé tó ń sọ̀rọ̀ ayé tí wọ́n ti wá rí, títí kan àwọn ọmọ Igbo, kò gbára lé irú rẹ̀.

Bí àbúrò bàbá rẹ bá wà láyé, lọ jókòó tì í, kí o bi í nípa ìyá rẹ.

Àbẹ̀kẹ́, Leeds

Ẹ ṣeun púpọ̀. Wọ́n wà láyé. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, níbo ni kí n wá gbà?

Nọ́ọ̀sì, Manchester

Ní England, ẹ lè forúkọ sílẹ̀ fúnra yín lọ́dọ̀ NHS Talking Therapies, ẹ̀ka ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ti ètò ìlera ìjọba, láìkọ́kọ́ rí dókítà. Ẹ sọ fún wọn nípa ikú ìyá yín àti ìpayà ìrọ̀lẹ́ yìí. Bí wọ́n bá rí i pé ọgbẹ́ ìgbà èwe ni, ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ tí a ń pè ní CBT (tó ń tún èrò àti ìwà ṣe) àti EMDR (tí a ti ń gbé ojú síhìn-ín sọ́hùn-ún bí a ti ń rántí ọgbẹ́ náà) ni NICE là sílẹ̀ fún un, ohun tí ẹ rántí fúnra yín ni wọn yóò sì fi ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá tún fẹ́ hypnosis fún ìfọ̀kànbalẹ̀, kò burú, àyàfi bí ẹ bá ti ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ rí. Òfin Britain kò béèrè ẹ̀kọ́ kankan lọ́wọ́ ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní hypnotherapist, nítorí náà ẹ wá ẹni tó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ CNHC, àjọ tó ń forúkọ irú àwọn olùtọ́jú bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, tó sì ní iṣẹ́ ìlera mìíràn lọ́wọ́, irú bíi dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Ẹ sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ kò fẹ́ kí ó wá ìrántí kankan fún yín.